Ẹ̀rọ DVD tó ń gba àwo púpọ̀, tí kò sì ní gbọ́n àpò mi gbẹ: èwo ni kí n rà?

Ọmọ_Ìyá_Ẹ (Ọjọ́ Ajé, 7:42 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Dókítà ní kí wọ́n ṣì rọra máa dìde. Fíìmù àtìgbàdégbà ni wọ́n sì fẹ́ràn, irú èyí tó máa ń wà lórí àwo mẹ́fà sí méje nínú páálí kan. Ẹ̀rọ DVD wa, àwo kan ṣoṣo ló ń gbà. Bí àwo kan bá tán, wọn á pè mí kí n wá pààrọ̀ rẹ̀. Bí mi ò bá sí nílé, wọn á dìde fúnra wọn, wọn ò ní sọ fún mi. Èmi á kàn dé, màá rí i pé àwo kejì ló wà nínú ẹ̀rọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: mo ní résífà àtijọ́ kan tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà márùn-ún àti sípíkà báàsì kan. Kò ní ihò HDMI (ti wáyà kan tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀), ṣùgbọ́n ó ní ihò optical àti coaxial (ti wáyà ohùn ni méjèèjì). Tẹlifíṣọ̀n wa ní HDMI, ó sì tún ní ihò mẹ́ta aláwọ̀ ewé, búlúù àti pupa. Àwo DVD tó wà nílé á tó igba.

Ṣé èyí tó ń gba àwo márùn-ún ni kí n rà ni, àbí àwọn ńlá tó ń gba 400? Ṣé dandan ni kó ní HDMI? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, àlòkù kò sì tì mí lójú.

Baba_Fáàrí (Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́)

Kí lo ń da ara rẹ láàmú fún? Wá odindi home theatre tó wà nínú páálí kan: ẹ̀rọ aláwo-márùn-ún, ampù, sípíkà mẹ́fà, rìmóòtù kan ṣoṣo. Èyí tí mo rà nígbà yẹn, ọjọ́ tí mo gbé e dé náà ni mo to o tán. Ta résífà àtijọ́ yẹn, fi owó rẹ̀ kún un.

Wáyà_Kì_í_Parọ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́)

Baba, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ti ní résífà àti sípíkà, kí ló tún fẹ́ fi ti inú páálí ṣe? Ẹ̀rọ inú páálí yẹn, àtàrí kan ló ru gbogbo ẹrù. Bí apá tó ń ka àwo bá bàjẹ́, ampù á ṣì wà láàyè, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ihò tí ẹ lè gba ti ẹ̀rọ mìíràn bọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ tún lọ wo ìdí wáyà sípíkà wọn. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orí wáyà tirẹ̀. Àwọn sípíkà náà sábà máa ń jẹ́ 3 ohm tàbí 4 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná), nígbà tó jẹ́ pé 6 tàbí 8 ni ọ̀pọ̀ résífà ń retí. Ẹ ò lè yọ wọ́n kí ẹ fi wọ́n sí ìdí résífà mìíràn láìṣírò.

Ọmọ_Ìyá_Ẹ, di résífà rẹ mú. Ẹ̀rọ nìkan ni kí o wá.

Àǹtí_Sínimá (Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́)

Rí i dájú pé ó ní HDMI o! HDMI ló máa sọ DVD di HD, àwòrán tó mọ́ gaara. Ti àbúrò mi tó ń lo wáyà yẹ́lò, àwòrán rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n da omi lé lójú. Nígbà tó bọ́ sórí HDMI, ó mọ́ kedere.

Wáyà_Kì_í_Parọ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:26 alẹ́)

Àǹtí, òótọ́ ni pé ó mọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò di HD. Ohun tí wọ́n kọ sínú àwo DVD ò lè ju bó ṣe wà lọ: 720 lọ́nà 480 fún NTSC (ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà), 720 lọ́nà 576 fún PAL (ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Áfíríkà). Ohun tí ẹ̀rọ tó ní HDMI ń ṣe ni pé ó máa fẹ àwòrán náà kó tó fi ránṣẹ́. Bí kò bá fẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n yín á fẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí kò sí bí àwòrán kékeré ṣe máa kún ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá láìjẹ́ pé ẹnì kan fẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tó kù kò ju ta ló mọ̀ ọ́n fẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Nígbà mìíràn, tẹlifíṣọ̀n ni.

Wáyà yẹ́lò ló ba ti àbúrò yín jẹ́. Ó da ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ pọ̀ sínú wáyà kan, wọ́n sì ń ta kora wọn. Wáyà mẹ́ta aláwọ̀ ewé, búlúù àti pupa ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní progressive scan, ó máa gbé gbogbo ìlà àwòrán wá lẹ́ẹ̀kan náà gba inú wáyà mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá jókòó sórí àga tó jìnnà díẹ̀, ó máa ṣòro fún un kó tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti HDMI.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó máa ń dàrú: wáyà mẹ́ta yìí máa ń jọ èyí tó jẹ́ yẹ́lò, pupa àti funfun. Ìkejì yẹn, àwòrán kan àti ohùn méjì ni. Ti àkọ́kọ́, àwòrán ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣì ní láti fa wáyà ohùn lọ́tọ̀.

Àǹtí_Sínimá (Ọjọ́ Ajé, 9:33 alẹ́)

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n bí owó rẹ̀ àti ti èyí tí kò ní HDMI bá jọra, ti HDMI ni kó mú. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ò ní ihò mẹ́ta yẹn mọ́.

Wáyà_Kì_í_Parọ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:35 alẹ́)

Lórí ìyẹn, mo gbà fún yín.

Ilé_Àwo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn lórí ti 400, torí mo ti jẹ ẹ́ rí. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́.

Ọdún àkọ́kọ́, ayé gbẹdẹmukẹ. Mo to gbogbo àwo mi sínú rẹ̀, mo so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, mo ń tẹ orúkọ fíìmù síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ó jìn débi pé ìdí rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn tábìlì, ó sì wúwo bí àpótí aṣọ. Bí o bá fẹ́ wo àwo tó wà ní ojú 12, tí èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ sì jẹ́ 200, wàá gbọ́ kìrìkìrì kó tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ kó kúrò nílé tí mo wà, ọ̀lẹ ṣe mí láti yọ àwo 300 àti díẹ̀ jáde. Mo ní kí wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni àṣìṣe. Nígbà tí mo tan án, àwo ti yọ kúrò ní ojú wọn, méjì ti há sí àárín, kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ ò sì lè yí mọ́. Ó gba ìtúpalẹ̀. Àwo mẹ́rin ló ha kọjá àtúnṣe.

Fún ìyá tó ń wo páálí kan lẹ́ẹ̀kan, àwo márùn-ún tó, bó tilẹ̀ ku àwo kan tàbí méjì tí wàá tún fi sí i.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ṣé ẹnì kan ṣì ń ra ẹ̀rọ tó ń yí àwo? Da gbogbo rẹ̀ sínú hard disk, so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó tán. Kò sí bẹ́líìtì, kò sí àtẹ, kò sí kìrìkìrì.

Ilé_Àwo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀)

Ìwọ náà ṣírò rẹ̀ wò. Igba àwo. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn ju wákàtí 66 lọ, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa fi àwo sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa yọ ọ́. Àwo fíìmù tí wọ́n ń tà sábà máa ń ní CSS lórí, àgádágodo tí kì í jẹ́ kí èèyàn dà á, òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò sì fàyè gba kí èèyàn já a, bí àwo náà tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ọmọ_Ìyá_Ẹ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀)

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn fídíò tí a fúnra wa yà, Ọmọ_Kọ̀ǹpútà. Mo kó o sórí USB fún màmá. Wọ́n wo orúkọ fáìlì tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n ní àwọn ò mọ èwo lèwo. Wọ́n fẹ́ di páálí mú, kí wọ́n rí àwòrán iwájú rẹ̀, kí wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn.

Àtúnṣe_Lọ́wọ́_Wà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Gbogbo yín ń sọ ti àwòrán. Nínú àwọn ẹ̀rọ aláwo-púpọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi, àwòrán kọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́. Ohun tó ń rìn ló ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ aláwo-kan ní mọ́tò tó ń ti àtẹ jáde, èyí tó ń yí àwo, àti èyí tó ń gbé ojú lésà lọ bọ̀. Aláwo-púpọ̀ fi mọ́tò tó ń yí àtẹ ńlá kún un, ó fi sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ojú tí àtẹ dé kún un, ó tún fi jíà àti bẹ́líìtì rọ́bà kún un. Bẹ́líìtì ni ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ó máa ń fẹ̀, ó máa ń dán, lẹ́yìn náà ó máa ń yọ̀. Àtẹ á jáde dé ìdajì, á dúró, á tún padà wọlé bí ìjàpá. Olówó rẹ̀ á rò pé ẹ̀rọ ti kú, á tà á ní ẹ̀dínwó. Bẹ́líìtì tuntun ò sì tó nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí àtẹ rẹ̀ ń ṣe ségesège kì í ṣe ohun àsáfún fún ẹni tó mọ ẹni tó lè tún un ṣe. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún ni èyí tí lésà rẹ̀ ti rẹ̀. Owó lẹ́ǹsì tuntun, tí ẹ bá tiẹ̀ rí i rà, lè ju owó ẹ̀rọ náà lọ.

Báwo ni wàá ṣe mọ̀ kí o tó sanwó? Mú àwo mẹ́rin dání lọ. Àkọ́kọ́, fíìmù gígùn kan tó jẹ́ onípele méjì, ìyẹn ni pé ó gba 8.5 GB dípò 4.7. Èkejì, àwo tí ẹnì kan dà fúnra rẹ̀, DVD-R. Ẹ̀kẹta, CD orin. Ẹ̀kẹrin, àwo tó ha díẹ̀. CD tí mo ní kí o mú yìí, ìdí wà fún un. Ìtànṣán tó ń ka CD jẹ́ nánómítà 780, ti DVD jẹ́ 650, ìyẹn ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ̀kan lè kú kí èkejì wà láàyè. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ DVD tó fi orin CD dán an wò fún ọ, kò tíì fi nǹkan kan hàn ọ́.

Ti onípele méjì yẹn, fo lọ sí àárín fíìmù, kí o jẹ́ kó máa lọ. Lésà gbọ́dọ̀ fi ìpele kìíní sílẹ̀ bọ́ sórí ìkejì. Bí àwòrán bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tẹ̀ síwájú, kì í ṣe àìsàn. Bí ó bá dúró pátápátá, tàbí tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ègé bíríkì, gbé owó rẹ sápò.

Lẹ́yìn náà, fi àwo sí gbogbo ojú márààrún. Má ṣe dán ojú kìíní nìkan wò. Pe ojú kọ̀ọ̀kan láti orí rìmóòtù. Ní àárín fíìmù, tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí àtẹ jáde láìdá àwo tó ń ṣiṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ aláwo-márùn-ún ló lè ṣe é: ọ̀kan ń lọ, o sì lè pààrọ̀ mẹ́rin tó kù. Bí àwòrán bá fò nígbà tí àtẹ ń jáde, nǹkan kan ti yẹ̀ nínú rẹ̀.

Má gbàgbé rìmóòtù tirẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ tí kò ní rìmóòtù, ọ̀pọ̀ ètò inú rẹ̀ ni o kò ní lè dé. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí o ka volt tó ń lò, nítorí àlòkù ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, èyí tó jẹ́ ti 110 nìkan sì lè jóná bí o bá fi sí 220.

Ọmọ_Ìyá_Ẹ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:48 ọ̀sán)

Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Orúkọ wo ni kí n máa wá?

Àtúnṣe_Lọ́wọ́_Wà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:30 ọ̀sán)

Ọ̀pọ̀ ni kò sí ní títà tuntun mọ́, àlòkù ni wàá máa rí. Sony ní ọ̀wọ́ DVP-NC, àwo márùn-ún ni. DVP-NC85H nínú wọn ní HDMI. Panasonic ní ọ̀wọ́ DVD-F, márùn-ún náà ni. Onkyo ní DV-CP tó ń gba mẹ́fà. Bí èyí tó o bá rí ṣe rí lọ́jọ́ náà ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lójú rẹ̀ lọ.

Ìyá_Aláwo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:11 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti ń lo aláwo-márùn-ún fún ọdún méje, ohun kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ọmọ mi, ṣé o rò pé bí àwo kìíní bá tán, ẹ̀rọ á bọ́ sí èkejì fúnra rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Orin CD ni irú ìyẹn ń ṣiṣẹ́ fún dáadáa. Fíìmù àtìgbàdégbà, bó bá ti tán, àwo á padà sí mẹ́nù rẹ̀, orin mẹ́nù á máa tún ara rẹ̀ kọ títí di òwúrọ̀. Lójú ẹ̀rọ, àwo ò tíì tán, torí mẹ́nù ṣì ń lọ. Ní oṣù àkọ́kọ́ mo rò pé ẹ̀rọ mi bàjẹ́.

Màmá rẹ á ṣì ní láti tẹ bọ́tìnì Disc Skip lórí rìmóòtù. Wọn ò ní dìde ni, ìyẹn sì ni ohun tó o ń wá. Fi nǹkan pupa sàmì sí bọ́tìnì náà.

Ilé_Àwo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Màmá sọ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwo. Ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe to àwo náà. Àwọn kan wà tó máa ń dúró pátápátá bí fíìmù bá tán, ẹ̀rọ á sì bọ́ sórí èyí tó kàn bí o bá ti yan All Discs. Àwọn tí èèyàn dà fúnra rẹ̀ láìfi mẹ́nù sí sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Aláwo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:58 ìrọ̀lẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni. Ti páálí tí wọ́n ń tà ni mo ń sọ.

Nǹkan kejì: béèrè bóyá ẹ̀rọ náà máa ń rántí ibi tí a dé lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Tèmi ń rántí ti gbogbo àwo inú rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwo tó lò gbẹ̀yìn nìkan ló ń rántí, bí iná bá sì lọ, ó gbàgbé pátápátá. Ẹni tó máa ń sùn lọ nídìí fíìmù ló máa mọ ìyàtọ̀.

Alájàpá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:03 alẹ́)

Ẹ fi nọ́ńbà ẹkùn sọ́kàn. Àwo fíìmù tí wọ́n ń tà máa ń ní nọ́ńbà: 1 fún Amẹ́ríkà àti Kánádà, 2 fún Yúróòpù àti Japan, 5 fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àti Íńdíà. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ti nọ́ńbà 1 kò ní ṣí àwo tó jẹ́ ti nọ́ńbà 2 nìkan. Èyí tí wọ́n pè ní All Region ló dára jù fún ẹni tí àwo rẹ̀ ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí yín kẹ́ ẹ tó lọ, nọ́ńbà náà wà lára àwòrán ayé kékeré kan.

Wáyà_Kì_í_Parọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́)

Ẹ fi ti NTSC àti PAL kún un. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà ẹkùn. Èèyàn lè ṣí nọ́ńbà ẹkùn kí àwòrán ṣì di dúdú-funfun tàbí kó máa yí lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí mo ti lò, ọ̀pọ̀ wọn ń gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ wò ó nínú ìwé rẹ̀.

Àfikún tí kò níláárí: fíìmù sinimá jẹ́ àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, PAL sì jẹ́ 25. Wọ́n kàn máa ń sáré rẹ̀ díẹ̀ ni. Ìyẹn ló fà á tí fíìmù wákàtí méjì fi máa ń tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 115 lórí DVD PAL. Àwọn kan bú ẹni tó tà á fún wọn pé ó gé fíìmù wọn.

Àǹtí_Sínimá (Ọjọ́rú, 10:14 àárọ̀)

Bó bá ra àlòkù, kó tún ra àwo ìfọ̀nù yẹn, èyí tó ní búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké lábẹ́. Ó máa ń nu ojú lẹ́ǹsì.

Àtúnṣe_Lọ́wọ́_Wà (Ọjọ́rú, 11:02 àárọ̀)

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ń yí ní eré lórí lẹ́ǹsì ike tó rọra jókòó lórí wáyà tín-ínrín. Mo ti rí èyí tó ha, mo sì ti rí èyí tó yẹ̀ kúrò nípò. Bó bá dọ̀tí lóòótọ́, kí wọ́n ṣí ìdérí, kí wọ́n fi òwú tí wọ́n rẹ sínú ọtí isopropyl díẹ̀ fọwọ́ bà á fẹ́rẹ́, láìtẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fa wáyà iná yọ o, kí wọ́n má sì ṣe wo ojú lésà nígbà tí iná wà nínú rẹ̀.

Àwo fúnra rẹ̀, láti àárín lọ sí etí ni kí ẹ máa nù ún, lọ́nà tààrà. Ẹ má nù ún yípo. Bí aṣọ bá ha á yípo, ìhà náà á tẹ̀lé ọ̀nà tí lésà ń gbà, ó sì máa ṣòro fún un láti fò ó.

Ìyá_Aláwo (Ọjọ́rú, 11:30 àárọ̀)

Ọ̀gá, èmi ti lo àwo oníbúrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ mi ṣì wà láàyè.

Àtúnṣe_Lọ́wọ́_Wà (Ọjọ́rú, 11:34 àárọ̀)

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, màmá, kẹ́ ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

Baba_Fáàrí (Ọjọ́rú, 3:25 ọ̀sán)

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ. Mo gbà pé nǹkan inú páálí kò bá ọ̀rọ̀ ọmọ yìí mu. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ pé ó lè ra ẹ̀rọ Blu-ray aláwo-kan. Ó ń ka DVD, ó mọ̀ ọ́n fẹ̀ dáadáa, èèyàn sì ṣì lè rí i rà ní tuntun.

Ọmọ_Ìyá_Ẹ (Ọjọ́rú, 3:50 ọ̀sán)

Baba, ẹ ṣé. Orúnkún ni ìṣòro mi, baba, kì í ṣe àwòrán.

Baba_Fáàrí (Ọjọ́rú, 3:52 ọ̀sán)

Ó ti yé mi. Mo pa ẹnu mi dé.

Ọmọ_Ìyá_Ẹ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:17 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti rà á o! Aláwo-márùn-ún, àlòkù. Kò ní HDMI, ṣùgbọ́n ó ní progressive scan àti wáyà mẹ́ta. Èyí tó ní HDMI tí mo rí ju ìlọ́po méjì owó rẹ̀ lọ, n kò rí ìdí tí màá fi san án.

Mo mú àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bí ọ̀gá ṣe wí. Ẹni tó ń tà á wò mí bí ẹni tó wá yẹ owó ìjọba wò. Ojú kìíní dé ìkẹta, kò sí wàhálà. Ojú kẹrin, àtẹ yọ̀, ó padà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Mo sọ fún un, ó sì bọ́ owó sílẹ̀ fún mi. Onípele méjì kọjá, ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tẹ̀ síwájú. Mo ti gbé e lọ fún ẹni tó yí bẹ́líìtì rẹ̀, ó ti ń lọ geere.

Ohun tó kù: wáyà coaxial ti wà láti ẹ̀rọ lọ sí résífà, àwòrán ti lọ tààrà sí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n sípíkà méjì tó wà lẹ́yìn ò sọ nǹkan kan. Ṣé optical ni kí n lò dípò rẹ̀?

Wáyà_Kì_í_Parọ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:29 ìrọ̀lẹ́)

Rárá, fi coaxial sílẹ̀. Ohun kan náà ni méjèèjì ń gbé, Dolby Digital àti DTS, ètò ohùn tó ń pín ohùn fíìmù sí sípíkà púpọ̀. Wo ojú résífà rẹ: kí ló kọ síbẹ̀ nígbà tí fíìmù ń lọ?

Ọmọ_Ìyá_Ẹ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:36 ìrọ̀lẹ́)

PCM.

Wáyà_Kì_í_Parọ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:41 ìrọ̀lẹ́)

Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ yẹn ti tú ohùn náà di méjì péré kó tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Dá fíìmù dúró, tẹ Setup lórí rìmóòtù, wọ inú Audio, wá ibi tí wọ́n kọ Digital Out tàbí Dolby Digital sí. Yí i kúrò lórí PCM sí Bitstream, kó lè fi ohùn náà ránṣẹ́ láìtú u, kí résífà tú u. Ṣe ti DTS náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú mẹ́nù fíìmù fúnra rẹ̀, rí i pé 5.1 (sípíkà márùn-ún àti báàsì kan) ni o yàn, torí àwọn àwo kan máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn méjì.

Bó o bá ti wà nínú Setup, wo TV Type. Bí ó bá wà lórí 4:3 (tẹlifíṣọ̀n àtijọ́), yí i sí 16:9 (tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀), kí ojú àwọn èèyàn má bàa tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọmọ_Ìyá_Ẹ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:08 ìrọ̀lẹ́)

Ó ti kọ Dolby Digital. Òjò ń rọ̀ nínú fíìmù, màmá bojú wẹ̀yìn wọ́n ní ta ló ṣí fèrèsé.

Mo ti lẹ téèpù pupa mọ́ Disc Skip. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láìnídìí, wọ́n ní àwọn ń dán an wò.

Ìyá_Aláwo (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Ra bátìrì rìmóòtù sílẹ̀.